Ọkọ̀ Mendi: Okùn tó so Jeppestown mọ́ Èkó

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni a fi ṣí ìlẹ̀kùn ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ìtàn ìran dúdú wà ní ìkáwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ-ogun ojú omi ni, bí wọ́n ti ń ṣe àkóso rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: ẹni tó ń pàṣẹ, ẹni tó ń sanwó, àti ẹni tó ń bá a kú. Ṣùgbọ́n a kò ní í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ létí òkun. Jeppestown ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àdúgbò kan ní ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ènìyàn lè dàgbà kí ó sì darúgbó láì fojú kan òkun rí.

Ìlú tí kò ní òkun

Orí òkè ni Johannesburg wà, ó ga ju òkun lọ ní 1,700 mítà. Láti ibẹ̀ dé èbúté Durban, ìrìn àjò bí 500 kìlómítà ni. Kò sí odò ńlá níbẹ̀, kò sí ọ̀sà. Wúrà tí wọ́n rí ní Witwatersrand ní ọdún 1886 ló dá ìlú náà sílẹ̀, Jeppestown sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó kọ́kọ́ dìde níbẹ̀. Orúkọ ìdílé Jeppe, àwọn tó pín ilẹ̀ ibẹ̀ tà, ni wọ́n fi pè é. Ibi ìwakùsà Wolhuter àti ti City and Suburban kò jìnnà sí i. Àwọn ọkùnrin dúdú láti gbogbo ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n kó wá sí irú ibi bẹ́ẹ̀ láti gbẹ́lẹ̀. Inú ọgbà ni wọ́n ń kó wọn pa mọ́ sí, wọ́n a mọ odi yí wọn ká, wọ́n a sì fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ fi ọgbà yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Orúkọ Jeppestown kò ṣàjèjì sí wa ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsán ọdún 2019, iná jó ilé àtijọ́ kan níbẹ̀, ó sì pa ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán. Ní àkókò náà gan-an ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò yìí, tí àwọn jàǹdùkú dìde sí àwọn àjèjì, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ọjà, wọ́n dáná sun ọkọ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀ ní ọdún 2015. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó pàdánù ohun ìní wọn. Nínú oṣù Kẹsán yẹn kan náà, ọkọ̀ òfuurufú Air Peace kó àwọn ènìyàn wa tó ju 150 lọ padà wálé ní ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bi ara wọn pé kí ni ó kan àwa pẹ̀lú wọn, kí ni ó sì kan àwọn pẹ̀lú wa.

Ìdáhùn kan wà lábẹ́ òkun, nítòsí erékùṣù Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1917. Ọkọ̀ kan ni, Mendi ni orúkọ rẹ̀. Kí ìtàn rẹ̀ tó lè yé wa dáadáa, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe àkóso agbára wọn lórí omi.

Àwọn tó jókòó sí Whitehall

Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sí ìjọba kan láyé tí ọmọ-ogun ojú omi rẹ̀ pọ̀ tó ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Admiralty, ní Whitehall ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ń ṣe àkóso gbogbo rẹ̀. Olórí ìgbìmọ̀ náà jẹ́ òṣèlú tó ń dáhùn fún ọmọ-ogun ojú omi níwájú ilé aṣòfin. Winston Churchill wà ní ipò yìí láti 1911 títí di 1915. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun ojú omi tí wọ́n ń pè ní Sea Lords, tí olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èkíní ń gbèrò ogun, ó sì ń rí i pé ọkọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀. Èkejì ń gba ènìyàn síṣẹ́, ó sì ń kọ́ wọn. Ẹ̀kẹta ń bójú tó kíkan ọkọ̀ àti rírọ ìbọn ńlá. Ẹ̀kẹrin ń bójú tó èédú, oúnjẹ, aṣọ àti ìkẹ́rù. Àwọn akọ̀wé àti olùṣírò owó wà lẹ́yìn wọn tí wọn kò gun ọkọ̀ ogun rí, síbẹ̀ tí ọkọ̀ kankan kò lè ṣí láìsí ìwé wọn.

Ẹni tó yí iṣẹ́ náà padà jù lọ ni John Fisher, tó di Sea Lord kìíní ní ọdún 1904. Ó yọ ọkọ̀ àtijọ́ tó ju 150 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé wọn kò lágbára láti jà, wọn kò sì lè sáré tí ọ̀tá bá lé wọn. Àwọn ọmọ-ogun tó ń jẹun lásán nínú wọn, ó kó wọn lọ sínú ọkọ̀ tuntun. Ní ọdún 1906 ni wọ́n ti ọkọ̀ ogun Dreadnought sínú omi, tó ní ìbọn ńlá mẹ́wàá tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ní íńṣì méjìlá. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ ogun tó wà láyé di ohun àtijọ́, ilẹ̀ Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí kan irú tirẹ̀. Owó tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún ọmọ-ogun ojú omi ní ọdún 1914 ju mílíọ̀nù 51 pọ́n-ùn lọ.

Ṣùgbọ́n ìbọn nìkan kọ́ ni ogun. Ọkọ̀ tí kò ní èédú, ilé tó léfòó lórí omi lásán ni. Nítorí ìdí èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi to ibùdó èédú kalẹ̀ yí ayé ká bí ìgbà tí ènìyàn to òkúta sínú odò láti fi sọdá: Gibraltar, Freetown ní Sàró, títí dé Simon's Town nítòsí Cape Town. Ní ọdún 1910 ni wọ́n ṣí ibi ìtọ́kọ̀ṣe ńlá ní Simon's Town, tí ọkọ̀ ogun lè wọ̀, kí wọ́n fa omi kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹni tó bá ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ló ni ọ̀nà òkun tó yí Áfíríkà po.

Owó ta ni?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Jeppestown. Ní ìpàdé àwọn ilẹ̀ amúnisìn tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1902, ilẹ̀ Cape gbà láti máa san 50,000 pọ́n-ùn lọ́dọọdún fún ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, Natal sì gbà láti máa san 35,000. Nígbà tí wọ́n pa Cape, Natal, Transvaal àti Orange Free State pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ní ọdún 1910, ìjọba tuntun náà ń bá a lọ láti máa san 85,000 pọ́n-ùn yìí. Transvaal, ilẹ̀ tí Johannesburg wà nínú rẹ̀, ni wúrà ti ń jáde. Nítorí náà ìlú tí kò ní òkun wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún ọkọ̀ ogun lóúnjẹ, wúrà tí wọ́n sì ń wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ń gba orí omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ ààbò ọkọ̀ ogun náà.

Ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ta ni ó gbẹ́ wúrà náà? Ọkùnrin dúdú ni. Ta ni ó jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín in? Kì í ṣe òun. Ní ọdún 1912 ni àwọn aṣáájú ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà péjọ sí Bloemfontein láti dá ẹgbẹ́ tó di African National Congress sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ṣe òfin ilẹ̀ 1913, tó gba ẹ̀tọ́ ríra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní apá tó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ bàbá wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, àwọn aṣáájú wọ̀nyí ṣèlérí ìtìlẹ́yìn fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìrètí wọn ni pé ẹni tó bá bá ni jà lọ́jọ́ ìjà, a ó rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ìpín.

Iṣẹ́ Marine ní Èkó

Àwa náà kò sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Kí a tó ní ọmọ-ogun ojú omi tiwa, Marine ni a ní. Nígbà tí wọ́n so àríwá àti gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní ọdún 1914, wọ́n so Marine apá méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Orúkọ ogun kọ́ ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun ló ń kó iyanrìn kúrò lẹ́nu òkun Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, òun ló ń gbé lẹ́tà àti ẹrù ìjọba lórí odò, òun ló sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Òyìnbó ni ọ̀gá níbẹ̀. Àwọn atukọ̀, àwọn tó ń da èédú sínú iná, àwọn káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ, ènìyàn wa ni.

Ogun kò sì pẹ́ kó tó fi ojú Marine hàn. Ní oṣù Kẹsán ọdún 1914, ọkọ̀ Marine Nàìjíríà, tí Ivy wà lára wọn, bá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Cumberland àti Dwarf lọ sí ẹnu odò Kamẹrúùnù. Àwọn ará Jámánì ti ri ọkọ̀ mọ́ ojú odò láti dí ọ̀nà. Àwọn tó mọ bí a ti ń tọ odò tí iyanrìn àti èèpẹ̀ dí ló wúlò níbẹ̀ ju ìbọn lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ìlú Duala túúbá. Kò sí ẹni tó pe àwọn ọmọ Marine ní ọmọ-ogun ojú omi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ-ogun ojú omi ni wọ́n ṣe.

Ọkọ̀ tí wọ́n yá

Bí ọkọ̀ ogun ti pọ̀ tó, kò lè kó gbogbo ọmọ-ogun, ẹṣin, oúnjẹ àti ìbọn tí ogun ń fẹ́. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ìjọba ń yá. Admiralty ní ẹ̀ka kan fún iṣẹ́ yìí, ẹ̀ka ìkẹ́rù, tó ń wá ọkọ̀, tó ń dá iye owó tí wọ́n ó san lé e, tó sì ń sọ ibi tí yóò gbà àti ohun tí yóò gbé. Láti òpin ọdún 1914 ni akọ̀wé ìjọba kan, tí kì í ṣe ọmọ-ogun rárá, ti ń ṣe olórí ẹ̀ka náà. Graeme Thomson ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn mọ orúkọ yìí, nítorí òun náà ni ó wá di Gómìnà Nàìjíríà láti 1925 sí 1931, òun ló wà lórí oyè nígbà tí àwọn obìnrin Aba dìde ní ọdún 1929 nítorí owó-orí. Ilé-ìwé kan náà ni àwọn amúnisìn ti ń kọ́ bí a ti ń ka ọkọ̀ àti bí a ti ń ka ènìyàn.

Lára ọkọ̀ tí wọ́n yá ni Mendi. Ìlú Glasgow ni wọ́n ti kàn án ní ọdún 1905, fún ilé-iṣẹ́ Elder Dempster. Ọkọ̀ tiwa ni a lè pè é, nítorí ọ̀nà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ó ń ná láti Liverpool, orúkọ ẹ̀yà Mende ti Sàró ni wọ́n sì fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ ju 4,200 tọ́ọ̀nù lọ. Ní ọdún 1916 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yá a láti máa kó ọmọ-ogun. Ẹ kíyè sí bí àkóso náà ti rí: ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ló ni ọkọ̀, òun ló sì gba kápítéènì àti àwọn atukọ̀ síṣẹ́. Admiralty ló ń pàṣẹ ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ló ni àwọn tó wà nínú rẹ̀. Olówó mẹ́ta ló wà lórí ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ta ni yóò dáhùn?

Àwọn tí wọ́n kó lọ

Ní ọdún 1916, ogun ti gba ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní ilẹ̀ Faransé débi pé kò sí ẹni tí yóò já ẹrù ní èbúté, tí yóò la ojú irin, tí yóò gé igi. Gẹ̀ẹ́sì bẹ ìjọba Louis Botha lọ́wẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ìjọba náà gbà láti fi ọkùnrin dúdú ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n fi ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ọwọ́ tó bá kọ́ láti di ìbọn mú lókè òkun kò ní í gbàgbé rẹ̀ tó bá padà délé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó wọn lọ ṣe, owó oṣù wọn sì jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta. Bí 21,000 nínú wọn ló dé ilẹ̀ Faransé kí iṣẹ́ náà tó parí ní ọdún 1918.

Ọgbà tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí o. Nígbà tí àwọn ọkùnrin yìí dé Faransé, ọgbà tí wọ́n mọ odi yíká ni wọ́n kó wọn sí, àpẹẹrẹ èyí tí wọ́n ń lò ní ibi ìwakùsà ní Johannesburg. Wọn kò gbọdọ̀ jáde láìsí òyìnbó lẹ́yìn wọn. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ní ìlú mìíràn, ọkùnrin dúdú lè jókòó síbi tí funfun jókòó sí. Ọ̀nà àkóso tí wọ́n kọ́ lábẹ́ ilẹ̀ ìhà Jeppestown ni wọ́n gbé sọdá òkun lọ sójú ogun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù Kejì

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1917, Mendi kúrò ní Cape Town, ó kó ọkùnrin tó ju 800 lọ, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òṣìṣẹ́ karùn-ún. Èkó ni ó kọ́kọ́ yà sí. Ní Èkó ni wọ́n ti de ìbọn ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀, nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì. Jámánì kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, òun yóò máa ri ọkọ̀ gbogbo tí òun bá rí lọ́nà Gẹ̀ẹ́sì, ìbá à ṣe ti ogun tàbí ti òwò. Láti Èkó, Mendi lọ sí Freetown, láti ibẹ̀ ó dé Plymouth. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn atukọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ náà kúrò ní Plymouth tó forí lé èbúté Le Havre, gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ wa jọ wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ ogun kékeré kan, Brisk, ni Admiralty fi ṣe ẹ̀ṣọ́ fún un. Kùrukùru bo ojú òkun ní òru náà. Mendi rọra ń lọ, ó ń fọn fèrè rẹ̀ bí òfin òkun ti pa á láṣẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo márùn-ún òwúrọ̀ lù ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, ọkọ̀ mìíràn yọ láti inú kùrukùru náà. Darro ni, ìwọ̀n rẹ̀ ju 11,000 tọ́ọ̀nù lọ, ó fi ju ìlọ́po méjì Mendi lọ. Eré ni ó ń sá, kò sì fọn fèrè. Ó kọ lu Mendi ní ẹ̀gbẹ́, ó sì lu ihò ńlá sí i lára, nítòsí ibi tí àwọn ọkùnrin sùn sí. Láàárín ìṣẹ́jú bí 25, Mendi ti rì.

Àwọn ọmọ-ogun Brisk sọ ọkọ̀ kékeré sílẹ̀, wọ́n ń wá ènìyàn nínú òkùnkùn àti òtútù. Darro dúró sí ìtòsí, ṣùgbọ́n kò sọ ọkọ̀ kankan sílẹ̀ láti gba ènìyàn là. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí Mendi kò rí òkun rí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ náà. Ará Gúúsù Áfíríkà 616 ló kú, 607 nínú wọn jẹ́ ọkùnrin dúdú. Ọgbọ̀n atukọ̀ bá wọn lọ. Nínú 607 wọ̀nyí, 287 wá láti Transvaal, ilẹ̀ Johannesburg. Àwọn yòókù wá láti Cape, Natal, Orange Free State, Basutoland, Bechuanaland àti ibòmíràn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlùfáà Isaac Wauchope Dyobha kó àwọn ọkùnrin náà jọ lórí ọkọ̀ tó ń rì, ó ní kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀, kí wọ́n kú bí ọmọ ìyá, Xhosa, Zulu, Sotho, gbogbo wọn, ọmọ Áfíríkà. Wọ́n sì jó lórí pákó ọkọ̀ bí àwọn tó ń lọ sójú ogun. Àwa kò sí níbẹ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ ti kọjá lọ. Ohun tó dájú ni pé àwọn ènìyàn wọn kò jẹ́ kí ìtàn náà kú, akéwì Xhosa ńlá nì, S. E. K. Mqhayi, sì kọ ewì lé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà lórí.

Ìṣirò tí kò pé

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1917, Botha kéde ìròyìn náà nílé aṣòfin, àwọn aṣòfin, tí gbogbo wọn jẹ́ funfun, sì dìde dúró láti bọ̀wọ̀ fún òkú. Lọ́ńdọ̀nù gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ìgbìmọ̀ náà dá kápítéènì Darro, Henry Stump, lẹ́bi pé ó sáré jù nínú kùrukùru, pé kò fọn fèrè, àti pé kò ran àwọn tó ń rì lọ́wọ́. Ìjìyà wo ni wọ́n fi jẹ ẹ́? Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìtukọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan. Ọdún kan ṣoṣo, fún ẹ̀mí tó ju 640 lọ.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Basutoland, Bechuanaland àti Swaziland rí tiwọn gbà. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà kọ̀ láti fún àwọn ọkùnrin dúdú tirẹ̀. Ẹ wò ó bí àkóso ti lè pé kí ó sì pọ̀n sápá kan. Admiralty mọ iye èédú tó wà ní Freetown. Ẹ̀ka ìkẹ́rù mọ iye owó tí wọ́n yá Mendi. Olúkúlùkù ohun tó wọ ọkọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹ̀tọ́ ọkùnrin tó bá ọkọ̀ náà rì, ìwé náà kò ní ojú ewé tí wọ́n lè kọ ọ́ sí. A kò sọ èyí láti fi pe àkóso ní ohun búburú. Láìsí ìwé, láìsí ìṣirò, láìsí ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tó ń gbà á, kò sí ọmọ-ogun tó lè dúró. Ohun tí à ń sọ ni pé orílẹ̀-èdè tó bá mọ iye ohun ìní rẹ̀ tí kò mọ iyì ènìyàn rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò tíì pé.

Àsíá tiwa

Ní ọdún 1922, Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ-ogun ojú omi kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ dípò owó tó ń san fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ mẹ́ta ni ó fi bẹ̀rẹ̀: Protea fún wíwọn òkun, Immortelle àti Sonneblom fún pípalẹ̀ ohun ìjà abẹ́ omi mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé-ìwé lórí ọkọ̀ General Botha ní Simon's Town láti kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní iṣẹ́ òkun. Ọmọ funfun nìkan ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí owó wọ́n káàkiri ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930, wọ́n dá ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí: ẹni tí kò bá lè bọ́ ọkọ̀ ogun, kí ó má ṣe fi í yangàn.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti inú Marine ní ọdún 1956. Ní ọdún 1963, nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́, ọmọ-ogun ojú omi wa bọ́ orúkọ ọba kúrò lára orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1964 ni Joseph Edet Akinwale Wey, tó ti inú Marine dìde, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣubú ní ọdún 1994 ni nǹkan yí padà. Ní ọdún 1995, ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ ṣí ìrántí Mendi ní itẹ́ òkú Avalon ní Soweto. Ní ọdún 2003, wọ́n dá oyè akínkanjú sílẹ̀ ní orúkọ Mendi. Ní ọdún 2005 ni Refiloe Mudimu di ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ọmọ-ogun ojú omi níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Isaac Dyobha pe ọkọ̀ ogun wọn kan, wọ́n sì fi Mendi pe òmíràn. Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ni ọjọ́ àwọn ọmọ-ogun wọn. Ní ọdún 2018, wọ́n dá agogo ọkọ̀ náà, tí wọ́n mú láti ìsàlẹ̀ òkun, padà fún wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Orúkọ àwọn tó kú wà lára ògiri ìrántí Hollybrook ní Southampton. Díẹ̀ nínú wọn tí omi gbé lọ sí etíkun Holland, ní Noordwijk ni wọ́n sin wọn sí. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ènìyàn wọn kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó rántí. Wọ́n ń ṣe ìrántí Mendi lọ́dọọdún, wọ́n sì dá owó jọ ní orúkọ rẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ dúdú ní ìwé. Irú ìrántí tó dára jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Èkó, níbi tí wọ́n ti de ìbọn mọ́ ìdí ọkọ̀ náà, ọmọ mélòó ní ilé-ìwé ló mọ̀ pé Mendi yà síbẹ̀ rí?

Bí ọmọ wa kò bá mọ̀ ọ́n, tí ọmọ Jeppestown náà kò sì mọ̀ ọ́n, ohun tí yóò kù láàárín wọn ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jó àti ọkọ̀ òfuurufú tó wá kó ènìyàn padà. Àwọn tó dáná sun ohun ìní àjèjì kò mọ̀ pé lára àwọn tí wọ́n ń pè ní àjèjì ni ọmọ àwọn tó bá bàbá wọn wọ ọkọ̀ kan náà. Àwọn kan láàárín wa tó ń bú gbogbo ará Gúúsù Áfíríkà kò mọ̀ pé èbúté wa ni àwọn bàbá wọn ti rí ilẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀kan nínú àwọn ìgbà ìkẹyìn. Ọgbà tí amúnisìn mọ yí ọkùnrin dúdú ká ti wó, ṣùgbọ́n ọgbà kan ṣì wà lọ́kàn, tó ń jẹ́ kí ọmọ Áfíríkà máa wo ọmọ Áfíríkà bí olè. Ìjọba kò lè fi ọkọ̀ ogun wó irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń wó o.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ 21 oṣù Kejì bá tún dé, kí ẹ gbé àwòrán ayé kọ́ sára ògiri. Kí ẹ fa ìlà kan láti Johannesburg lọ sí Cape Town, láti ibẹ̀ wá sí Èkó, sí Freetown, sí Plymouth, títí dé ibi tí omi ti gbé wọn mì. Kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka iye náà jáde: 607. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn atukọ̀ láti ìhà tiwa wà nínú ọgbọ̀n tó bá wọn lọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ìran kan kì í sì í dá nìkan gba òmìnira.